Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Ìtàn Ìpèsè Iná àti Epo sí Zaria àti Samaru, 1911 sí 2024

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa bí igi, èédú, epo àti iná mànàmáná ṣe ń dé Zaria, pàápàá Samaru, láti ìgbà tí ojú irin ti wọ ìlú náà títí di òkùnkùn oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ìbéèrè wa ni pé: kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tó ní èédú, epo rọ̀bì, gáàsì, odò ńlá àti oòrùn fi ń jókòó sínú òkùnkùn? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé ohun tí à ń pèsè kò tó. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kó gbogbo ọ̀rọ̀ já. Ìtàn Zaria fi hàn pé nígbà tí ìpèsè bá dá, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀: ọ̀nà kan ṣoṣo ni à ń gbára lé, ọ̀nà náà jìn, inú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń gbé lójú ọ̀nà náà kò sì dùn. A parí iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àbá lórí bí àwọn olùkọ́ni ṣe lè fi ìtàn yìí kọ́ni ní kíláàsì.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà. Àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé bí igi bá wó dí ojú ọ̀nà, ẹni tó mọ ọ̀nà míràn yóò dé ọjà, yóò sì tajà rẹ̀. Ẹni tí kò mọ òmíràn yóò ru ẹrù rẹ̀ padà sílé. Òwe náà ni a fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ ìpèsè agbára. Agbára tí à ń sọ níhìn-ín ni ohun gbogbo tí ènìyàn ń lò láti dáná, láti tanná, láti wa ọkọ̀ àti láti yí ẹ̀rọ: igi ìdáná, èédú, epo, gáàsì àti iná mànàmáná. Ààbò lórí ìpèsè agbára sì ni pé kí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nígbà tí a bá nílò wọn, kí wọ́n tó wa, kí owó wọn má sì ju ohun tí àpò wa ká lọ.

Àwọn ẹlẹ́rọ àti àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ló máa ń sọ̀rọ̀ yìí jù. Ṣùgbọ́n ó kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Yàrá sáyẹ́ǹsì tí kò níná, kọ̀ǹpútà tí a kò lè tàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé lábẹ́ fìtílà, owó iléèwé tó ń wọ inú jẹnẹrétọ̀ dípò kí ó ra ìwé: gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ìpèsè agbára ni. Bí a kò bá mọ bí a ṣe débi tí a dé yìí, a ó kàn máa bú NEPA ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kógbá sílé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìdí tí a fi mú Samaru ni pé ó dára fún irú ìwádìí yìí. Samaru wà lẹ́yìn odi Zaria, lójú ọ̀nà Sokoto. Láti àwọn ọdún 1920 ni ìjọba amúnisìn ti gbé ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, Yunifásítì Ahmadu Bello bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Lónìí, ẹ̀rọ núkílíà fún ìwádìí wà ní Samaru, síbẹ̀ àbẹ́là kò tíì kúrò nílé àwọn ará ibẹ̀.

Ojú irin, igi àti èédú

Ní ọdún 1911 ni wọ́n parí ojú irin tó ti Baro lọ sí Kano, tó sì gba Zaria kọjá. Ojú irin tó ti Èkó bọ̀ gba Ìbàdàn àti Ìlọrin, ó sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, ó sì pàdé ti Baro ní Minna. Bí Zaria ṣe di ìlú ojú irin nìyẹn. Ní ọdún 1914, ojú irin kékeré kan tún ti Zaria dé Bukuru lórí òkè Jos kí wọ́n lè máa kó tíìnì tí wọ́n ń wà níbẹ̀. Àwọn akọ̀wé, awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ojú irin dé, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá wà lára wọn, wà lára àwọn tó sọ Sabon Gari ti Zaria di àdúgbò ńlá.

Ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà náà ń jẹ igi àti èédú. Lákọ̀ọ́kọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èédú wá. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ọkọ̀ ojú omi wọ́n bí ojú, ewu sì wà lójú òkun. Ogun yìí ló jẹ́ kí èédú Enugu, tí wọ́n ti rí láti 1909, di ohun tí ìjọba kò lè fi falẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915; ojú irin láti Port Harcourt sì dé ibẹ̀ ní 1916. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá Makurdi lórí odò Benue ní 1932, ọkọ̀ ojú irin lè ti Enugu gba Makurdi àti Kafanchan dé Kaduna láìdúró. Kí a fi ọ̀nà yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé ní ọdún 2024.

Èédú wà nílẹ̀, ojú irin sì wà. Kí ló wá ń dá ìpèsè dúró? Àwọn ènìyàn ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó lé ní oṣù kan, nítorí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, wà níwájú ìjà náà. Ọkọ̀ ojú irin dúró, ohun tó ń gbé kiri náà sì dúró. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn awakùsà Enugu ní àwọn kò ní ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́ títí wọn yóò fi rí owó wọn gbà. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn ní Iva Valley. Ènìyàn 21 kú, 51 fara pa.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn fi ìṣẹ̀lẹ̀ Iva Valley sí abẹ́ ìjà òmìnira, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ìtàn agbára. Ojú irin tó so Èkó, Zaria àti Kano pọ̀ gbẹ́mìí lé èédú tí àwọn ọkùnrin kan ń wà nínú ihò ilẹ̀ Enugu, ìjọba kò sì ka àwọn ọkùnrin náà sí. Èédú kò tán. Sùúrù àwọn tó ń wà á ló tán.

Iná mànàmáná: láti ẹ̀rọ ìlú dé odò Ọya

Èkó ló kọ́kọ́ rí iná mànàmáná ní Nàìjíríà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kaduna rí tirẹ̀ ní 1929, Zaria sì rí tirẹ̀ ní 1938. Láyé ìgbà yẹn, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí ti Zaria bá bàjẹ́, Zaria nìkan ló ń ṣókùnkùn. Kaduna kò tilẹ̀ ní gbọ́. Iná náà kò tó nǹkan, kò sì dé ilé tálákà, àmọ́ àìsàn ibì kan kì í ran gbogbo ara.

Ní 1950 ni ìjọba ṣe òfin tó dá àjọ ECN sílẹ̀ láti kó àwọn ẹ̀rọ ìlú wọ̀nyí sábẹ́ àkóso kan. Ní 1962 wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀ fún àwọn dáàmù odò Ọya, wọ́n sì ṣí dáàmù Kainji ní 1969. Nǹkan bí ènìyàn 44,000 ló fi ilé bàbá wọn sílẹ̀ kí omi lè rí àyè. Bussa àtijọ́ wọ abẹ́ omi, wọ́n sì kọ́ New Bussa rọ́pò rẹ̀. Ní 1972, wọ́n so àjọ méjèèjì pọ̀ di NEPA. Dáàmù Jẹ́bà tẹ̀lé e ní àárín àwọn ọdún 1980, Shiroro sì tẹ̀lé e ní 1990 pẹ̀lú agbára mẹ́gáwáàtì 600.

Èrè ńlá ni wáyà àpapọ̀ tí a mọ̀ sí gíríìdì mú wá. Iná tí omi ń fà kò ná owó epo, ó sì pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ìlú lè pèsè lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti di agboolé kan, iná tó bá ràn ní yàrá kan ti di ti gbogbo agboolé. Láti ìgbà yẹn, ọ̀dá òjò tó bá mú orí odò Ọya lọ́hùn-ún di ọ̀rọ̀ Zaria. Omi tó ń yí ẹ̀rọ Kainji ti ilẹ̀ Guinea, Mali àti Niger kọjá kí ó tó wọ Nàìjíríà. Apá kan rẹ̀ máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà débi pé òjò tó rọ̀ ní Guinea lọ́dún kan lè má dé Kainji títí ọdún náà yóò fi parí.

Omi kan tún wà nítòsí tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Samaru mọ̀. Odò Kubanni, tí Yunifásítì Ahmadu Bello dí ní dáàmù fún omi mímu, ń ṣàn lọ sínú odò Galma. Galma ń ṣàn lọ sínú odò Kaduna. Odò Kaduna ló sì ń yí ẹ̀rọ Shiroro. Ìyẹn ni pé díẹ̀ nínú omi tó ń gba iwájú ilé àwọn ará Samaru kọjá ń lọ di iná ní Ìpínlẹ̀ Niger, lẹ́yìn náà ni iná náà yóò gun wáyà padà wá sí Mando ní Kaduna, kí ó tó dé Zaria. Omi ń lọ láìsí ìdíwọ́, nítorí kò sẹ́ni tó lè jí odò gbé. Àbọ̀ rẹ̀ lórí wáyà ló ní wàhálà nínú.

Epo: ilé-iṣẹ́ Kaduna àti ọ̀pá gígùn láti Delta

Wọ́n rí epo rọ̀bì tó ṣeé tà ní Oloibiri ní 1956, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sí òkè òkun ní 1958. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítòsí Port Harcourt ní 1965. Ogun abẹ́lé sì bà á jẹ́ láìpẹ́. Ti Warri ṣí ní 1978, ti Kaduna ní 1980. Èrò tó wà nídìí ti Kaduna dára: kí Àríwá má baà máa dúró de ọkọ̀ epo láti etí òkun. Wọ́n ṣe é kí ó lè fọ epo rọ̀bì Nàìjíríà, kí ó sì tún lè fọ epo rọ̀bì tó ki láti òkè òkun fún epo ẹ̀rọ àti ọ̀dà títì.

Ṣùgbọ́n kò sí kànga epo ní Kaduna. Gbogbo epo rọ̀bì tó ń lò ní láti gba inú ọ̀pá kan wá, láti Escravos létí òkun, gba Warri, gba igbó, gba odò, títí dé Kaduna. Ilé-iṣẹ́ ti sún mọ́ Zaria, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ṣì wà ní Delta.

Ní oṣù Kejì ọdún 2006, àwọn ajìjàgbara Niger Delta fọ́ ọ̀pá epo ní Chanomi Creek. Ẹ̀dùn ọkàn wọn kì í ṣe tuntun: epo ń jáde nílẹ̀ wọn, ẹja ń kú nínú omi wọn, iná kò sì sí nílé wọn. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Warri àti ti Kaduna wà láìrí epo rọ̀bì fún nǹkan bí ọdún méjì. Kaduna sì tún ni ilé àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ híhun. Kaduna Textiles, tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 tó sì jẹ́ ìṣáájú wọn, ti kógbá sílé ní 2002. United Nigerian Textiles ṣì ń gbìyànjú. Nígbà tí gíríìdì kò ṣeé gbára lé mọ́, epo dúdú láti ilé-iṣẹ́ ìfọpo ni irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń yí ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo dúró, epo dúdú wọ́n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, United Nigerian Textiles ti ilẹ̀kùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì padà sílé. Kò ṣí padà títí di ìparí ọdún 2010.

Òótọ́ ni pé aṣọ fàyàwọ́ láti Éṣíà náà kó bá àwọn ilé-iṣẹ́ yìí, a kò sì gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru epo. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo bí okùn náà ṣe gùn tó: àpẹja kan nínú odò Delta kò rí ẹja pa mọ́, ọdún gorí ọdún, ọ̀pá epo fọ́, ahunṣọ kan ní Kaduna sì pàdánù iṣẹ́. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2024

Ọdún 2024 le. Gíríìdì orílẹ̀-èdè dá kú ju ìgbà 10 lọ láàárín ọdún náà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lórí owó oṣù tó kéré jù, àwọn òṣìṣẹ́ pa gíríìdì náà lóru. Ẹni tó bá rántí 1945 àti 1949 mọ̀ pé ohùn kan náà ni.

Ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá ni Àríwá kò ní gbàgbé. Ọ̀nà ńlá méjì ni iná ń gbà wọ apá ibí yìí. Ọ̀kan ni wáyà tó ti Shiroro lọ sí Kaduna. Èkejì ni èyí tó ti Ugwuaji ní Enugu gba Apir ní Makurdi gòkè sí Jos. Àwọn tó ń ba òpó jẹ́ ti sọ ti Shiroro di aláìlè-gbéná. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá, ti Ugwuaji sí Apir náà já. Zaria, Kaduna, Kano àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní Àríwá wọ òkùnkùn fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tó ń tún wáyà ṣe kò lè lọ sójú ọ̀nà Shiroro, nítorí àwọn agbébọn wà nínú igbó náà. Àfi kí àwọn aláàbò tẹ̀lé wọn. Ti Apir ni wọ́n kọ́kọ́ rí tún ṣe.

Ẹ kíyè sí ohun méjì. Àkọ́kọ́, wáyà Enugu sí Makurdi yẹn gba ẹkùn tí èédú Enugu ń gbà wá sí Àríwá láti 1932. Láàárín nǹkan bí 90 ọdún, èédú ti di iná, irin ti di wáyà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Èkejì, ẹnìkan lè sọ pé ọ̀nà méjì ni Àríwá ní, kì í ṣe ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni lórí máàpù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ti Shiroro ti bàjẹ́ tí a kò sì tètè tún un ṣe, ọ̀kan ló kù. Ọ̀nà méjì tí igi ti wó dí ọ̀kan, ọ̀nà kan ni.

Rìákítọ̀ Samaru àti ohun tó lè ṣe

Àwọn kan máa ń béèrè pé: ṣebí rìákítọ̀ wà ní Samaru, kí ló dé tí kò tanná fún wa? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí olùkọ́ lè dá a lóhùn. Ibùdó Ìwádìí àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Agbára, CERT, ní Yunifásítì Ahmadu Bello ló ni ẹ̀rọ náà. Orílẹ̀-èdè China ló ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni NIRR-1, ó sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 2004. Agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 30, ooru lásán ni, kò sì ní ẹ̀rọ tó ń sọ ooru di iná mànàmáná. Wọ́n ń lò ó láti mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀, nínú òkúta àti nínú oúnjẹ, àti láti kọ́ àwọn onímọ̀ níṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ń pèsè iná. Òun gan-an nílò iná kí ó tó lè ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2018, wọ́n pààrọ̀ yuréníọ̀mù inú rẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lágbára débi pé ayé ń bẹ̀rù kí ó má bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníjàgídíjàgan. Wọ́n dá a padà sí China, wọ́n sì fi èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì àti àwọn orílẹ̀-èdè kan. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwọn tó rò pé ilé-iṣẹ́ núkílíà ńlá ni yóò gbà wá. Bí a bá kọ́ ọ lọ́la, òkè òkun la ó ti máa ra ohun tó ń jẹ, gíríìdì kan náà tó ń dá kú yìí ni yóò sì máa gbé iná rẹ̀. Ọ̀nà kò tíì di méjì.

Ohun tí ojú ayé ti rí

Àwa nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí Winston Churchill ń gbé ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí èédú bọ́ sórí epo, ó sọ fún ilé aṣòfin wọn ní 1913 pé àwọn kò gbọdọ̀ gbára lé orílẹ̀-èdè kan, ọ̀nà kan tàbí kànga kan. Ní 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ Ísírẹ́lì kan. Iye epo di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Nàìjíríà, tó ti wọ ẹgbẹ́ OPEC ní 1971, rí owó rẹpẹtẹ. Àwọn tí ìyà náà jẹ dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1974, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù tó ń ra epo láti òkè òkun máa tọ́jú èyí tó lè tó 90 ọjọ́ pa mọ́. Owó ìyà tí wọ́n jẹ ni wọ́n fi ra ọgbọ́n. Owó ìgbádùn ni tiwa, a sì ná an tán.

Lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, ọ̀pá gáàsì kan ti Nàìjíríà gba abẹ́ òkun lọ sí Benin, Togo àti Ghana. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ọkọ̀ ojú omi kan tí àwọn ajalèlókun ń lépa fi ìdákọ̀ró rẹ̀ fa ọ̀pá náà ya nítòsí Lomé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí gáàsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Ghana bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Keje ọdún 2023 ní Niger, Nàìjíríà gé iná tó ń tà fún wọn, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Niamey sì wọ òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni omi odò Ọya ń gba ilẹ̀ Niger kọjá kí ó tó dé Kainji. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ohun tó ń fi ìpèsè sínú ewu

Láti inú ìtàn yìí, a lè ka ohun márùn-ún. Àkọ́kọ́ ni gbígbára lé ọ̀nà kan. Èkejì ni ìbínú àwọn tó wà lójú ọ̀nà: àwọn awakùsà Enugu, àwọn ará Delta, àwọn tí dáàmù lé kúrò nílé. Ẹ̀kẹta ni àìtètè tún nǹkan ṣe, èyí tó ń sọ ọ̀nà méjì di ọ̀kan láìsí ariwo. Ẹ̀kẹrin ni ojú ọjọ́, nítorí dáàmù kò lè ju òjò lọ. Ẹ̀karùn-ún ni owó. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná fún àwọn tó wà ní ipele Band A sì di 225 náírà fún ẹyọ kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i pé nǹkan lè wà lọ́jà kí ọwọ́ má sì tó o. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìpèsè ti dá.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, igi ìdáná ni ènìyàn ń sá padà sí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Samaru. Ibùdó ìwádìí igbó ọ̀dàn wà níbẹ̀ nígbà kan, tó ń dán igi bíi yukalíptọ́ọ̀sì wò, kí igi ìdáná àti òpó lè wà láìjẹ́ pé a pa igbó run. Igi náà ní òpin. Bí a bá ń gé e láìgbìn, aṣálẹ̀ ni yóò san gbèsè náà fún wa.

Ìjọba sábà máa ń dojú kọ ohun kan ṣoṣo: pípèsè sí i. Wọ́n á ní ẹ jẹ́ kí a kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí a fi kún mẹ́gáwáàtì. Ọ̀pá gáàsì Ajaokuta sí Kaduna àti Kano, tó jẹ́ kìlómítà 614, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, lè ṣe Zaria lóore púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tún sọ òun nìkan di ẹ̀mí wa, tí àwọn abúlé tó gbà kọjá kò sì rí gáàsì kankan nínú rẹ̀, Chanomi Creek mìíràn la ń gbẹ́ sílẹ̀ yẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àbá fún àwọn olùkọ́ni

Àkọ́kọ́, kí a fi ìtàn yìí sínú ẹ̀kọ́ Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Àwùjọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Kí olùkọ́ ya máàpù ojú irin 1932 síwájú wọn, kí ó sì ya ti wáyà iná òde òní lé e lórí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ rí ibi tí méjèèjì ti pàdé.

Èkejì, kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, ti NEPA àti ti ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ń bẹ ní Sabon Gari, Tudun Wada àti Kaduna. Lára wọn, Yorùbá ni àwọn kan, Hausa ni àwọn kan, Igbo ni àwọn mìíràn. Èdè tí kálukú bá gbọ́ dáadáa ni kí a fi bi í léèrè. Bí wọ́n bá kú tán láìsọ, ìwé kankan kò ní sọ ọ́ fún wa.

Ẹ̀kẹta, kí iléèwé ní ọ̀nà kejì tirẹ̀. Yunifásítì Bayero ní Kano bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná oòrùn tó pọ̀ ní 2019 lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀. Kò pọn dandan kí kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀: yàrá sáyẹ́ǹsì, ilé ìkàwé àti ilé ìwòsàn ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sì mọ bí a ṣe ń tún un ṣe, kí ó má baà di ohun ọ̀ṣọ́ orí òrùlé lẹ́yìn ọdún méjì.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé láti 1911, ohun tó ń dé Zaria ti yí padà léraléra: igi, èédú, dísù, omi Kainji, epo inú ọ̀pá, wáyà Shiroro. Ohun tí kò yí padà ni pé ibi jíjìn ni ó ti ń wá, ọ̀nà tó ń gbà kò pọ̀, a kì í sì í bi àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà náà bóyá inú wọn dùn. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àmọ́ àwa la ti jìn sí kòtò kan náà ní 1949, ní 2006 àti ní 2024. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní ìtàn yìí lónìí lè di alága ìjọba ìbílẹ̀ lọ́la, tàbí ẹlẹ́rọ, tàbí aṣòfin. Bí wọ́n bá gbé àwòrán ọ̀pá tuntun síwájú rẹ̀, ìbéèrè tí a fẹ́ kí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: ìlú wo ni ó gbà kọjá, kí sì ni yóò kan wọn níbẹ̀?